Gbogbo Ojú-Ìwé Ló Gba Ọwọ́ Mi Kọjá

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ ìwé dídì ṣì ṣe é kọ́, ẹ má retí kí n pọ́n iṣẹ́ náà lé ju bó ṣe yẹ lọ. Iṣẹ́ tó bọ́ mi ni. Òun ni mo fi tọ́mọ, òun ni mo fi kọ́ yàrá mẹ́rin tí mò ń gbé ní Baṣọ̀run yìí, mi ò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n ó gba nǹkan méjì lọ́wọ́ mi. Èkíní ni ìwé kíkà, tí mo fẹ́ràn ju oúnjẹ lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Èkejì ni ọkàn ọmọ mi obìnrin, Sìdíkátù, tó wà ní yàrá kejì bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí. A jọ ń gbélé, a jọ ń jẹun, a ò sì tíì mọ bí a ṣe máa bára wa sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Bí iṣẹ́ náà bá ṣì wù yín lẹ́yìn ìyẹn, ẹ máa bọ̀, mo ṣì ní abẹ́rẹ́ nílé.

Ìkìrun ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Agbowó ni mo dàgbà sí. Ìyá mi ń dín àkàrà láàárọ̀ létí títì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtàwọn òṣìṣẹ́ tó ń lọ sí yunifásítì ló ń rà á. Pépà ìwé ìròyìn la fi ń dì í. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa fa pépà náà ya, kí n tò ó kalẹ̀ kí àwọn oníbàárà tó dé. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ojú mi ti là sí ìwé kíkà, ibẹ̀ ni. Mi ò kì í lè ya pépà kan láìjẹ́ pé mo ti ka ohun tó wà lára ẹ̀. Ọ̀rọ̀ olè, ọ̀rọ̀ ẹjọ́, ìkéde ọkùnrin tó ń wá ìyàwó ẹ̀ tó sá lọ, gbogbo ẹ̀ ni mò ń kà. Ibi tó bá ti ń dùn gan-an ni ìdajì tó kù máa ń ti sọnù, torí ìyá mi á ti fi di àkàrà fún ẹnìkan. Èmi á wá fúnra mi parí ìtàn náà lọ́kàn.

"Rábí," ìyá mi á ní, "ṣé o máa ya pépà ni, àbí kí n máa bu àkàrà sí wọn lọ́wọ́?"

"Mo ń yà á, ìyá mi."

"Ètè ẹ ni mo rí tó ń mì. Ọwọ́ ẹ ò mì."

Ọjọ́ kan wà tí mo sáré tẹ̀lé òṣìṣẹ́ kan dé ẹnu géètì. Mo bẹ̀ ẹ́ pé tó bá jẹ àkàrà ẹ̀ tán, kó jọ̀ọ́ fún mi ní pépà ẹ̀, torí ọ̀rọ̀ ọmọ kan tó sọnù ni mo kà débi kan, mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n rí i. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó jẹ àkàrà náà níwájú mi, ó sì fún mi ní pépà, òróró ti mu gbogbo ẹ̀. Wọ́n rí ọmọ náà. Inú mi dùn débi pé mi ò rántí pé mo fi ìyá mi nìkan sílẹ̀ nídìí agbada. Mo jẹ ìyà ẹ̀ nígbà tí mo padà dé, ó sì tọ́ sí mi.

Nígbà tí mo dé ilé ìwé sẹ́kọ́ńdírì, kò sí ẹni tó ní ìwé ìtàn ládùúgbò tí mi ò yá tiẹ̀ kà. Mo ń kà á lórí ìlà ẹ̀rọ omi, àwọn ẹni ẹ̀yìn á sì ti korobá mi síwájú fún mi. Kékeré la ti í pẹ̀ka ìrókò. Gbogbo ayé ló rò pé olùkọ́ ni mo máa dà. Ṣùgbọ́n bàbá mi kú, owó tán, ìyá mi ní kí n wá iṣẹ́ ọwọ́ kọ́. Mo ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mú mi lọ síbi tí ìwé bá wà. Bí ẹni tébi ń pa tó lọ gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ olóúnjẹ ni ọ̀rọ̀ mi rí. Mi ò mọ̀ pé ọ̀gá tí mò ń lọ bá kì í jẹ́ kí ọmọṣẹ́ fẹnu kan ọbẹ̀.

Ọ̀gá Lásísì ni wọ́n ń pè é, ẹ̀yìn Dùgbẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ wà. Àwọn ilé ìtẹ̀wé á kó pépà tí wọ́n ti tẹ̀ wá fún un, ojú-ìwé mẹ́rìndínlógún nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tiwa ni kí a to àwọn ìdì náà léra wọn bó ṣe yẹ, kí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an, kí a fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ̀yìn ẹ̀. Ọ̀gá ní egungun màlúù kan tí wọ́n gbẹ́ pẹlẹbẹ, òun la fi ń tẹ ibi tí pépà ti ṣẹ́ po kó lè dúró. Òun náà ló fi ń kan ọmọṣẹ́ ní ìka. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, ó ń dunni.

Mo ti lo oṣù mẹ́ta níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé ìwé ìtàn àwọn ọmọdé kan wá, ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà. Èmi ni mò ń to ìdì. Ọwọ́ mi ń tò, ojú mi ń kà, mo ti gbàgbé ibi tí mo wà. Ọ̀gá ṣí ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ti rán tán. Ojú-ìwé kẹrìnlélọ́gọ́ta fò lọ sí ìkọkànlélọ́gọ́rin. Ó ṣí òmíràn, bákan náà. Mo ti fo ìdì karùn-ún nínú ọgọ́rin ẹ̀dà.

"Kí ló ṣe ọ́?" Ọ̀gá bi mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ibi tó dùn ni mo dé."

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní bíléèdì, ó ní kí n tú gbogbo ọgọ́rin náà, òwú kọ̀ọ̀kan, láìfa pépà kan ya. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi tú u. Lọ́jọ́ kẹta ló wá jókòó tì mí. "Rábí, gbọ́. Ìwé ẹjọ́, ìwé ogún, ìwé àìsàn ẹni ẹlẹ́ni, gbogbo ẹ̀ ló ń gba orí tábìlì yìí kọjá. Adìwé tó bá ń ka ìwé oníwèé, ọjọ́ kan ni yóò gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíì lọ sọ́jà. Oníwèé ló ni ọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tó wà nígun ni tìẹ."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń dán mi wò. Bí a bá ti fẹ́ tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́, á ní, "Rábí, kí ni ìwé òní sọ?" Bí mo bá lè dá a lóhùn, ká ní mo sọ pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ni, èmi ni màá gbálẹ̀, tí màá sì máa se gọ́ọ̀mù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Bí mo bá ní, "Mi ò mọ̀, Ọ̀gá," á rẹ́rìn-ín, á fún mi ní mínírà tí wọ́n rà fún òun alára. "Ó ti ń di adìwé," á ní. Níbẹ̀rẹ̀, irọ́ ni mò ń pa. Mo mọ̀ ọ́n, mo ní mi ò mọ̀ ọ́n. Nígbà tó fi máa pé ọdún méjì, mi ò purọ́ mọ́. Pépà ẹgbẹ̀rún kan lè gba ọwọ́ mi kọjá lóòjọ́, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo má wọlé sí mi lórí. Mínírà tí mo mu níbẹ̀ kò lóǹkà, ó sì ń dùn mọ́ mi lẹ́nu.

Mo yá ìwé ìtàn kan nílé lásìkò yẹn. Mo ka ojú-ìwé àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mi ò mọ ohun tó sọ. Ohun tí mo mọ̀ ni pé nọ́ńbà tó wà nígun ẹ̀ wọ́ díẹ̀. Mo dá ìwé náà padà fún ẹni tó ni ín, mo sì fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yẹ kí n sunkún lọ́jọ́ yẹn. Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Orí tábìlì ni Ọ̀gá ní kí n má ti kàwé. Èmi ni mo gbé òfin náà dé ilé.

Mo gbòmìnira lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo lọ́kọ, mo la ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Agbowó. Ọkọ mi ṣaláìsí nígbà tí Sìdíkátù wà ní kékeré, ìyẹn náà wà lára ayé. Iṣẹ́ ń wọlé. Pírójẹ́ẹ̀tì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, abẹ́rẹ́ àti òwú ni, àti gọ́ọ̀mù tí a fi sítáàṣì sè, tí eku máa ń wá lá. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ tó ń tẹ lẹ́tà wúrà sára èèpo ìwé dé. Sípáírà wá dé tẹ̀lé e, ike lílọ́ tí wọ́n fi ń há ẹ̀yìn ìwé, tó jẹ́ pé ọmọ ọjọ́ mẹ́ta lè fi dìwé. Ìwé tó ń gba ọjọ́ mẹ́rin di ìwé ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ní báyìí, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbé e gbà, pépà ò tiẹ̀ sí níbẹ̀. Ìwọ̀nyí ò dùn mí tó ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ọmọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Kúnlé, ọmọ Adó. Ọ̀rọ̀ àrùn tó ń ṣe ewé ẹ̀gẹ́ ló kọ pírójẹ́ẹ̀tì lé lórí. Lọ́sẹ̀ kan náà, obìnrin kan gbé tiẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ eyín àwọn ọmọdé. Orí tábìlì kan náà ni mo kó méjèèjì sí. Afẹ́fẹ́ òjò já wọlé láti ojú fèrèsé, ó kó gbogbo ẹ̀ dà sílẹ̀. Irú pépà kan náà ni, irú lẹ́tà kan náà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ṣà wọ́n. Nọ́ńbà ni mo wò: ọgbọ̀n síbí, ọgbọ̀n sọ́hùn-ún, ọ̀kànlélọ́gbọ̀n síbí, ọ̀kànlélọ́gbọ̀n sọ́hùn-ún. Ìwé méjèèjì pé pérépéré. Mo gbé wọn fún onífótókọ́pì, mo dì í, mo tẹ wúrà sí i lára.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa bi Kúnlé ní ìbéèrè lórí iṣẹ́ ẹ̀, àgbà olùkọ́ yunifásítì kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá ṣí ìwé náà láàárín. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ẹ̀gẹ́ tìẹ yìí ti ń hu eyín ni?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kó lọ tún un ṣe. Ó tó oṣù mélòó kan kí àgbà náà tó tún lè wá, nígbà yẹn ibi iṣẹ́ tó ń dúró dè é ti gba ẹlòmíì.

Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé á pariwo. Ó rọra gbé ìwé náà sílẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìlà kan péré níbí."

Mo kà á. Eyín ni. Mo ṣí ojú-ìwé tó ṣáájú ẹ̀. Ewé ẹ̀gẹ́ ni.

"Ìlà kan, Màmá. Ká ní ẹ ka ìlà kan."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn, kí ẹ lè mọ irú èèyàn tí mo ti dà. Mo ní, "Ọmọ mi, wọn ò kọ́ mi láti máa kà á. Nọ́ńbà ẹ̀ pé." Ó wò mí. Ó ní, "Lóòótọ́ ni, Màmá, nọ́ńbà ẹ̀ pé," ó sì jáde. Mo bá a tún un dì lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì bá obìnrin eléyín náà tún tiẹ̀ dì. Mo ra àwọn òkúta tí mo fi ń tẹ pépà mọ́lẹ̀, mo ní kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ ẹ̀ sẹ́yìn pépà. Gbogbo ohun tó yẹ ni mo ṣe tán, àfi kí n máa kà. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èyí tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn kò tíì balẹ̀.

Sìdíkátù jọ mí. Ohun tí mo jẹ́ nídìí àkàrà ìyá mi lòun náà jẹ́. Ìwé ló ń jẹ, ìwé ló ń mu. Á gbé ìwé ìtàn wá fún mi, "Màámi, ẹ ka èyí, ẹ máa rẹ́rìn-ín." Màá gbà á, màá yí i padà, màá fa èèpo ẹ̀ wò. "Gọ́ọ̀mù lásán ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́," màá ní. "Kò ní pẹ́ tú." Òun á rẹ́rìn-ín nígbà náà. Nígbà tó dàgbà, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń gba ìwé ẹ̀ padà lọ́wọ́ mi ni, á sì lọ.

Ọmọ tí kì í lè sọ ohun tó ń dùn ún ni. Bí mo bá bá a wí ní kékeré, kò ní fèsì, pépà ló máa kọ, á fi sábẹ́ ìrọ̀rí mi. Màá rí i, màá ṣẹ́ ẹ po dáadáa, màá sì tọ́jú ẹ̀. Ó tó àpótí kan. Ẹ ti mọ̀ bóyá mo kà wọ́n.

Ó ti ń ṣe olùkọ́ ní Apẹtẹ nígbà tí ọkùnrin kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní ọjà Bódìjà wá ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Èèyàn iyì ni ní ojú wa, ó máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi. Mo yọ̀ ju ẹni tó ń lọ sílé ọkọ lọ. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n so yìgì nígbà tí Sìdíkátù wá sí ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú pépà lọ́wọ́.

"Màámi, ẹ bá mi di èyí."

"Kí ni?"

"Nǹkan tí mo kọ ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣe é, ẹ fara balẹ̀ ṣe é."

Mo rò pé iṣẹ́ olùkọ́ ẹ̀ ni. Ojú-ìwé mẹ́rìndínláàádọ́ta. Nítorí pé ọmọ mi ni, mi ò fi sípáírà sí i. Mo wá abẹ́rẹ́ àti òwú, mo rán an bí Ọ̀gá ṣe kọ́ mi, mo fi aṣọ pupa bo èèpo ẹ̀. Kò sí ìwé tí mo tíì dì tó dára tó o. Nígbà tó padà wá lọ́jọ́ kejì, kò wo ìwé náà. Ojú mi ló ń wò.

"Ṣé ẹ ti parí ẹ̀, Màámi?"

"Mo ti parí ẹ̀. Ó pé pérépéré."

Ó dúró síbẹ̀. "Ẹ ò ní nǹkan kan láti sọ fún mi?"

Mo rò ó wò. Mo ní, "Fi pamọ́ síbi tí òjò ò ti ní kàn án."

Ó mi orí. "Mo gbọ́, Màámi."

Ó lọ sílé ọkọ. Ọdún márùn-ún ló fi wà níbẹ̀, kì í sábàá wá kí mi, mo ní ọjà ọkọ ẹ̀ ni kò jẹ́ kó ráyè. Mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tó sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá níwájú ilé yìí pẹ̀lú báàgì kan. Apá òsì ẹ̀ ti kán rí, wọn ò sì tò ó gún. Mo gbá a mọ́ra, mo sunkún, mo bú ọkùnrin náà dé ìran baba ẹ̀. Mo ní, "Sìdí, èéṣe tí o ò sọ fún mi? Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́."

Ó fara ẹ̀ yọ lára mi. "Mo sọ fún yín, Màámi. Kí n tó lọ."

"Nígbà wo?"

"Nínú ìwé tí ẹ bá mi dì. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ti gbá mi létí nígbà mẹ́ta. Mo ní mi ò fẹ́ ẹ mọ́, ẹ̀rù ló ń bà mí láti sọ ọ́ torí gbogbo yín ti ń yọ̀. Gbogbo ojú-ìwé ló máa gba ọwọ́ yín kọjá, mo mọ̀ pé ẹ máa rí i. Ẹ wá dì í tó rẹwà bẹ́ẹ̀, ẹ ní kí n fi pamọ́. Mo ní ó dáa, ohun tí Màámi wí nìyẹn, kí n lọ fara dà á."

Mo lè dákẹ́. Èṣù kan nínú mi ní kí n dákẹ́, kó máa rò pé mo kà á, pé ìmọ̀ràn àgbà ni mo fún un tí kò yọrí sí rere. Ìyẹn ì bá tiẹ̀ dáa fún orúkọ mi. Ṣùgbọ́n mo ní, "Sìdí, mi ò kà á."

Ó gbé báàgì ẹ̀ nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Màámi, ọdún márùn-ún ni mo fi gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Ẹ ò tiẹ̀ sọ nǹkan kan."

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ní báyìí, mo ti wọ awò ojú, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìwé kíkà padà. Mo máa ń ya pépà kékeré kan, màá fi bo nọ́ńbà tó wà nígun kí ojú mi má bàa sá lọ síbẹ̀. Mo ti ka gbogbo pépà inú àpótí náà. Sìdíkátù ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tọrọ nǹkan lọ́wọ́ mi níbẹ̀, nǹkan tí mi ò lè fún un mọ́. Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìnhòòhò wọjà. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́, ẹ kọ́ ọ, ẹ bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ń fún yín ní mínírà torí ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ bi ara yín léèrè ohun tí ẹ ń fi san án.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ bá Sìdíkátù ní yàrá ẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún mi ní ìwé pupa náà, kí n kà á, bó tilẹ̀ pẹ́. Ó ń ká aṣọ, kò gbójú sókè. Ó ní kò sí lọ́wọ́ òun. Ó ní ọkọ òun rí i níbi tí òun tọ́jú ẹ̀ sí lọ́dún kejì, ó jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó dìde sí òun. Ọjọ́ náà ni apá òun kán.

"Òun nìkan ló kà á, Màámi," ó ní.